Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Kìíní fún Àwọn Ọmọ Ìwòpin: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Abẹ́òkúta. Sí ẹ̀yin ọ̀gá tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ wa. Àti sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní Àbígí.

Ẹ̀yin èèyàn wa ọ̀wọ́n,

Ọmọ Ìwòpin ni mí. Mo ń kọ lẹ́tà yìí ní gbangba kí àwọn ará ilé lè kà á pẹ̀lú yín, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ́fíìsì yín, ó sì kan yàrá tí obìnrin ń bímọ sí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ìwòpin, ní Ìbíàdé, ní Mákùn-Omi, ní Òde-Omi àti ní àwọn abúlé etí ọ̀sà yòókù ní Ogun Waterside gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú, oríṣi B, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní hẹpatáítìsì B, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n dé ilé ayé. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ kẹfà. Kì í ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ bá pọ̀ tó kí wọ́n tó ṣí ìgò oògùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ bá ọmọ náà ni.

Mo mọ̀ pé ìlànà yìí ti wà. Láti ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B ti wọ inú ètò àjẹsára Nàìjíríà, káàdì tí wọ́n ń fún ìyá ọmọ sì ní àyè tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ẹ̀kán pólíò tí wọ́n ń kán sí ọmọ tuntun lẹ́nu. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ohun tó wà lórí káàdì dé itan ọmọ, ní àsìkò tó ṣì lè ṣe é lóore. Inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìdí tí àsìkò fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ wà, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n là á sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń kọ́ àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, ní ìwà kò ní sọ fún ìyá ọmọ pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí àrùn náà ṣe gbilẹ̀ tó láàárín wa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí NAIIS káàkiri Nàìjíríà ní 2018, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítìsì B lára ìdá 8.1 nínú 100 àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64. HIV tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kò tó ìdá 2 nínú 100 nínú ìwádìí kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní 2022, èèyàn mílíọ̀nù 254 ló ń gbé pẹ̀lú hẹpatáítìsì B ní gbogbo ayé, àti pé mílíọ̀nù 1.1 ló kú nípasẹ̀ rẹ̀ lọ́dún náà. Nínú gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lọ́dún kan, èyí tó ju ìdajì lọ wà ní Áfíríkà. Síbẹ̀, nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí ní Áfíríkà ní 2022, 18 péré ló rí abẹ́rẹ́ ọjọ́ kìíní gbà.

Ẹ má ṣe retí pé ẹ ó rí àwọn tó ní in kí wọ́n dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, wọ́n ń yan ẹja, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè dun èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí tó ń gba iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, tàbí ìgbà tí ibi iṣẹ́ tuntun ní kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Ẹlòmíràn kò gbọ́ rárá, títí inú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ẹni ogójì ọdún, tí àwọn ará ilé yóò máa sọ pé ayé ló ṣe é, pé wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ fún un. Mo ti jókòó níbi ìsìnkú tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ẹni kankan tó béèrè bóyá ẹ̀dọ̀ olóògbé náà ti ń ṣàìsàn láti kékeré.

Báwo wá ni fáírọ́ọ̀sì kan ṣe lè gbé inú èèyàn fún ogójì ọdún kí ara má sì lé e jáde?

Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ kì í ti ọkàn wá tààrà: ó ti gba ìfun kọjá ná. Gbogbo ohun tí a jẹ, gbogbo oògùn tí a gbé mì, àti àwókù àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa láìṣe wá ní ibi, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé. Ẹ wo ọjà Ìwòpin. Ọkọ̀ ń ti orí ọ̀sà wá, ọkọ̀ ń ti orí ilẹ̀ wá. Ìlàjẹ ń bọ̀, Ìjẹ̀bú ń bọ̀, ẹni tí a kò rí rí náà ń bọ̀ tòun ti ẹrù rẹ̀. Bí a bá ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà máa na gbogbo ẹni tí ojú wọn kò dá mọ̀, ọjà yóò tú kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ̀ṣọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da àlejò. Bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: bí ó bá ń gbé ogun dìde sí gbogbo nǹkan àjèjì tó ti inú oúnjẹ wá, yóò ba ara rẹ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀dọ̀ a máa sọ fún àwọn sójà ara pé kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro.

Oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Kupffer, orúkọ ọ̀mọ̀wé kan ni wọ́n fi sọ wọ́n. Inú àwọn ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń gbé kòkòrò àti ẹ̀gbin mì, wọ́n sì ń tú èròjà tó ń mú ìbínú ara rọlẹ̀ jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló tẹ́ ògiri ọ̀nà tóóró náà. Ògiri wọn kò dí pa, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ kì í sáré níbẹ̀. Ó ń rọra wọ́ lọ, ó ń fara kan ògiri, sójà àti àjèjì sì máa ń rí ara wọn fún ìgbà pípẹ́.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti kíyè sí sùúrù ẹ̀dọ̀ yìí. Ní 1969, Roy Calne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn pé àwọn gbé ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sínú ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, tí ara ọ̀pọ̀ wọn sì gbà á láìsí oògùn tó ń tẹ sójà ara rì. Bí ó bá jẹ́ awọ tàbí kídìnrín nìkan ni wọ́n gbé sí i, ara ì bá kọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá ti wà níbẹ̀, kódà kídìnrín tàbí awọ tó wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀ kan náà a máa rí ojúure. Ẹ̀dọ̀ lè pàrọwà fún gbogbo ara.

Ìwà rere tí ẹ̀dọ̀ ní yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítìsì B sá pamọ́ sí.

Fáírọ́ọ̀sì náà kì í pariwo bí ó bá wọlé. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Beijing rí ilẹ̀kùn tó ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ilẹ̀kùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń gba èròjà òróǹro padà láti inú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tí fáírọ́ọ̀sì náà kì í fi í dá ẹ̀yà ara mìíràn láàmú tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, yóò gbé àbùdá ara rẹ̀ lọ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, yóò sì so ó ní òrùka kékeré kan síbẹ̀. Kì í pa sẹ́ẹ̀lì tó gbà á lálejò. Ó kàn ń fi ibẹ̀ ṣe ilé, ó ń bí sí i, ó ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀.

Iṣẹ́ àti pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn sójà kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Milan, ní Ítálì, fi ẹ̀rọ awòye wo inú ẹ̀dọ̀ eku tó wà láàyè. Wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì T tó dúró sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tóóró yẹn, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gba inú ihò wẹ́wẹ́ ara ògiri kọjá, tó sì fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ní fáírọ́ọ̀sì láìkúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ fàyè gbà á kó jagun nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 2019, ilé ìwádìí kan náà fi hàn pé bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì T ti kọ́kọ́ pàdé fáírọ́ọ̀sì B, sẹ́ẹ̀lì T yóò pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè pa nǹkan kan. Ó wà níbẹ̀, ó ń rí ọ̀tá, kò lè gbé apá.

Ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ tí Percy Knolle ń darí rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà. Ní 2013, wọ́n fi hàn nínú eku pé bí àìsàn bá dé lójijì, ẹ̀dọ̀ lè kó àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jọ sí ojú kan níbi tí sẹ́ẹ̀lì T yóò ti máa pọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kí wọ́n lè borí. Nínú àìsàn tó ti di bárakú, irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í hù. Ní 2024, wọ́n tún fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T tó bá pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì ògiri, nítorí pé ó ń wá fáírọ́ọ̀sì B, ògiri náà yóò máa fi àmì kan ránṣẹ́ sí i tí yóò máa fa agbára rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lè ṣe iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe èyí kí sójà má ba ilé jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Nítorí pé fáírọ́ọ̀sì kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì, ogun tí sójà ara ń jà ló máa ń mú kí ẹyinjú pọ́n, kí ìtọ̀ sì dúdú. Àgbàlagbà tó bá kó hẹpatáítìsì B lè ní ibà pọ́njú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á sì borí rẹ̀: nínú 100 àgbàlagbà tó bá kó o, àwọn tí yóò di bárakú sí lára kò tó 5. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 30 nínú 100 ni yóò di bárakú sí lára. Ọmọ tuntun tó bá kó o lára ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí, nǹkan bí 90 nínú 100 wọn ni kò ní bọ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà. Fáírọ́ọ̀sì kan náà ni, ẹ̀dọ̀ èèyàn kan náà ni. Àwọn sójà ara ọmọ ọjọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀ àti ohun tí yóò jẹ́ àjèjì, ó sì bọ́ sí àsìkò tí ẹ̀dọ̀ ń kọ́ wọn ní sùúrù. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé ní àsìkò yẹn, wọn yóò kà á kún ará ilé. Ọmọ náà kì í sunkún, ara rẹ̀ kì í gbóná, ẹyinjú rẹ̀ kì í pọ́n. Ìyá rẹ̀ yóò máa dúpẹ́ pé ọmọ òun gbádùn. Ogun tí kò jà lọ́jọ́ ìkómọ ni yóò máa jà díẹ̀díẹ̀ ní ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ̀dọ̀ yóò fi le, tí àpá yóò bo ojú rẹ̀, tí jẹjẹrẹ yóò fi rí àyè wọ ibẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń fa òrùka kékeré yẹn tu pátápátá kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Oògùn tenofovir ń dá fáírọ́ọ̀sì dúró kó má bí sí i mọ́, ó sì ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yóò máa lò ó fún ọdún gbọọrọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀. Awẹ́ kan lára ẹ̀wù òde fáírọ́ọ̀sì ni, èyí tí kò lè fa àìsàn. Apá tàbí itan ni wọ́n ń gún un sí, sójà ara á sì pàdé rẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí ẹ̀dọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọn yóò ṣe èròjà ajàrùn sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà yóò sì de fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kó tó rí ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ṣí. Eré ìje ni láàárín abẹ́rẹ́ àti fáírọ́ọ̀sì tó bá ẹ̀jẹ̀ ìyá wá ní ìgbà ìrọbí. Abẹ́rẹ́ Penta tí a ń gún lọ́sẹ̀ kẹfà dára, ó sì ní hẹpatáítìsì B nínú, ṣùgbọ́n ọmọ tó kó o lọ́jọ́ ìbí ti pàdánù eré náà kó tó débẹ̀.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà. Láti 1925 ni àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller rán ti wà ní Yábàá, ní Èkó, tí wọ́n ń wádìí ibà tí òyìnbó ń pè ní yellow fever. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó fi hàn ní 1927 pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kó o níbi iṣẹ́, ó sì kú sí Èkó lọ́dún náà. Baruch Blumberg, tó rí àmì hẹpatáítìsì B nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Australia kan, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976, ti wá sí Nàìjíríà ní 1957 láti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa fún ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Keje, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ hẹpatáítìsì, ìjọba wa náà sì máa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wa fún ìmọ̀. Èso ìmọ̀ náà tọ́ sí àwọn ọmọ wa.

A sì ti rí ibi tó ti so èso. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ tuntun ní 1984, láti orí ọmọ àwọn ìyá tó ní fáírọ́ọ̀sì náà, kò sì pẹ́ ọdún mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé wọn fi dín sí nǹkan bí ìdajì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, Gambia bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Gambia kò lówó tó wa, odò ńlá kan sì la orílẹ̀-èdè náà já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Mo wá padà sí Ìwòpin. Àwọn obìnrin wa kan ń bímọ ní ilé ìwòsàn, àwọn kan ń bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, àwọn kan ní ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan nílé pẹ̀lú ìyá ọkọ. Ọmọ kì í yan ọjọ́ àjẹsára kó tó wá. Ó lè wá ní alẹ́ Sátidé nígbà tí ìjì wà lórí ọ̀sà. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ bá wà ní ilé ìwòsàn nìkan, tí wọ́n sì ń gún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò ti ré kọjá wákàtí 24 kó tó kàn wọ́n.

Ìdínà kan wà tí mo mọ̀ pé ẹ lè mú kúrò pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì yín. BCG tí wọ́n bá ti pò, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, wọ́n gbọ́dọ̀ da ìyókù nù lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń dúró de ọ̀pọ̀ ọmọ kí wọ́n tó ṣí ìgò rẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n hẹpatáítìsì B ti wá ní olómi, bí wọ́n bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ìlànà WHO gbà kí wọ́n máa lo ìgò tí wọ́n ti ṣí fún ọjọ́ 28. Kò sí ìdí tí abẹ́rẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ dúró de BCG. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n: ọmọ kan ṣoṣo tó láti ṣí ìgò hẹpatáítìsì B, kò sì sẹ́ni tí yóò fìyà jẹ ẹni tó ṣí i.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti iná. Ọ̀rọ̀ àìsí iná mọ̀nàmọ́ná ní Ogun Waterside kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta. Ibi tí fíríìjì kò bá ti dúró, ẹ̀rù máa ń ba èèyàn láti kó oògùn sí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti hẹpatáítìsì B wà lára àwọn tó ń fara da ooru jù; dídì ló ń bà á jẹ́ kíá. Àmì tó wà lára ìgò rẹ̀ fi hàn pé ó lè wà nínú ooru ìwọ̀n 37 fún nǹkan bí ọjọ́ 30. Ní Indonesia, ilẹ̀ tó kún fún erékùṣù, àwọn agbẹ̀bí ìjọba tó wà ní abúlé ti gbé abẹ́rẹ́ yìí lọ bá ìyá ọmọ nílé láìsí fíríìjì lọ́wọ́, wọ́n ń wo àmì ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀ràn yín jókòó pẹ̀lú àjọ tó ń ṣètò àjẹsára ní Àbújá kí wọ́n wo bí a ṣe lè ṣe irú rẹ̀ lábẹ́ òfin ní àwọn ìlú etí omi. Owó abẹ́rẹ́ náà kò tó dọ́là kan lọ́dọ̀ UNICEF. Àwa ará Ìwòpin ti dúró de iṣẹ́ ńlá rí: ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa dúró sójú ọ̀nà, a sì mọ bí ìyẹn ṣe rí lára. Ohun tí mo ń béèrè yìí kò nílò ilé iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan, ọkọ̀ ojú omi kan, àpótí oògùn kan àti nọ́ńbà fóònù tí agbẹ̀bí lè pè nígbàkígbà ni.

Àwọn agbẹ̀bí ni kí ẹ kọ́kọ́ pè sí ìpàdé. Mo ti gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, ìyẹn kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́. Agbẹ̀bí tó bá mọ̀ pé ìpè kan lè gba ọmọ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yóò pe nọ́ọ̀sì, bí nọ́ọ̀sì bá lè dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni wọ́n jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ níbí, kí ẹ fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò hẹpatáítìsì B di ọ̀fẹ́ fún gbogbo aboyún, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka ni, kò sì gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Bí wọ́n bá rí i lára ìyá, tenofovir ní àwọn oṣù ìgbẹ̀yìn oyún ń dín bí fáírọ́ọ̀sì ṣe pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù gan-an, ìlànà tuntun tí WHO gbé jáde ní 2024 sì fàyè gbà á kódà níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tó ń ka iye fáírọ́ọ̀sì. Tenofovir yìí wà nínú oògùn tí àwọn tó ní HIV ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Kò yẹ kí aboyún tó ní hẹpatáítìsì B máa fi owó ẹja rẹ̀ wá a kiri.

Mo sì ń ké sí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ṣàgámù: ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí etí omi. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa ará Ìwòpin wò, kí ẹ sì wá bá wa jókòó láti sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wádìí ní Milan àti Munich, ti eku ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti èèyàn wà níbí, ó sì ń dúró de ẹni tí yóò wò ó.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún yín. Hẹpatáítìsì B kì í ti ara àwo oúnjẹ ranni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ti ara ìbọwọ́ ranni. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìrọbí ni ọ̀nà rẹ̀. Ó lè wà láàyè lórí abẹ fún ọjọ́ méje, nítorí náà abẹ kan kò gbọdọ̀ sin gbẹ́rẹ́ fún ẹni méjì, abẹ olóòlà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹra fún ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá ti hu, torí oró inú wọn àti fáírọ́ọ̀sì yìí jọ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ju bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá ti fà á lọ. Bí wọ́n bá rí àrùn náà lára ìyàwó yín, ẹ má ṣe lé e padà sílé bàbá rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti wà lára rẹ̀. Ó lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú bí ọmọ náà bá ti gba abẹ́rẹ́.

Kọmíṣọ́nnà, lẹ́tà kan sí àwọn nọ́ọ̀sì nípa ìgò oògùn lè jáde kí oṣù yìí tó parí. Ẹ bá wa fi ọwọ́ sí i. Ìwọ aboyún tó ń ka ìwé yìí ní Ogun Waterside, lọ ṣe àyẹ̀wò kí oyún rẹ tó wọ oṣù keje, kí o sì sọ fún ẹni tí yóò gbẹ̀bí rẹ, ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́, pé abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B gbọ́dọ̀ dé ara ọmọ rẹ kí wákàtí 24 tó pé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìwòpin kan